Èsì: Ìjẹ ń tán lórí ìwọ̀, ẹja smelt ò sì kọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ ń fi ìwọ̀ pa smelt, ẹja kékeré inú omi tútù, láti inú ihò tí ẹ gbẹ́ sí yìnyín tó bo adágún, àtùpà sì ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà, síbẹ̀ ìjẹ ń tán lórí ìwọ̀ láìjẹ́ pé ẹ mọ ìgbà tí ẹja débẹ̀. Ó jọ pé ìwọ̀ yín ló tóbi jù. Ẹnu smelt kéré. Ìwọ̀ kékeré, nọ́ńbà 12 tàbí 14, ló bá a mu, pẹ̀lú okùn tínrín tí agbára rẹ̀ kò ju pọ́n-ùn 4 lọ. Ìdin kan ṣoṣo ti tó, tàbí ẹran smelt tí ẹ gé bí orí ìṣáná. Bó bá gùn jù, etí rẹ̀ ni wọ́n á máa já jẹ.

Smelt kì í sábà fa okùn gìrì. Nígbà mìíràn ṣe ló máa gbé ìjẹ sókè, okùn á kàn dẹ̀. Ẹ tẹjú mọ́ ibi tí okùn ti wọ omi. Bó bá ti dẹ̀, ẹ rọra gbé e. Ẹ má fi agbára já a, ẹnu rẹ̀ rọ̀, yóò ya.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ nítòsí ìsàlẹ̀ adágún, kí ẹ máa gbé ìwọ̀ sókè ní ẹsẹ̀ bàtà 3 lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí àkọ́kọ́ bá ti kọ́, ẹ so òwú pupa mọ́ okùn níbi tó ti wọ omi, kí ẹ lè tètè dá ìwọ̀ padà sí ìjìnlẹ̀ yẹn, torí agbo wọn kì í dúró pẹ́. Ẹ má sì máa sún àtùpà kiri: àwọn kòkòrò omi wẹ́wẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ ń fà, smelt ló ń tẹ̀ lé wọn.

Bó bá jẹ́ àtùpà gáàsì nínú àgọ́, ẹ ṣí ihò afẹ́fẹ́ lókè àti nísàlẹ̀ o. Carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tí iná máa ń tú jáde, kò ní òórùn, ó sì ń pani.