Kúta gé ẹja rọ́bà nírù: ẹ gbé láítà yẹn sílẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Tarkwa Bay, létíkun Èkó, ni mo ti ń pẹja. Kúta (barracuda) kì í jẹ́ kí ẹja rọ́bà tí mo fi ń tan ẹja pẹ́, ìrù ló máa ń gé lọ. Wọ́n ní kí n fi láítà yọ́ ojú ibi tó gé, kí n fi ìrù òmíràn lẹ̀ ẹ́. Mo ṣe é, ó dúdú, ó sì já nígbà tí mo kọ́kọ́ jù ú sómi. Ṣé kí n kúkú lo Super Glue?

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ yín kọjá ti gọ́ọ̀mù. Ẹni tó sọ fún yín pé ẹja rọ́bà èyíkéyìí á lẹ̀ mọ́ òmíràn bí iná bá ti kàn án ló ṣì yín lọ́nà, ìmọ̀ràn náà sì lè pa yín lára.

Oríṣi méjì ló pọ̀ lọ́jà. Ọ̀kan jẹ́ PVC, irú ike tí wọ́n fi ń ṣe páìpù omi, àmọ́ wọ́n po òróró kan mọ́ ọn kó lè rọ̀. Èkejì ni TPE, ike tó ń nà bíi rọ́bà, èyí tí ilé-iṣẹ́ Z-Man ń tà lórúkọ ElaZtech. Àwọn méjèèjì kì í bára wọn ṣe. Ẹ yọ́ wọn pọ̀ títí di alẹ́, wọn ò ní di ọ̀kan. Kódà bí ẹ bá kàn kó wọn sínú ọ̀rá kan náà, òróró ara PVC á ba TPE jẹ́, gbogbo rẹ̀ á wá máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Inú ọ̀rá tí wọ́n fi tà á ni kí ẹ fi kálukú sí. Bí ẹ ò bá mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ fà á: TPE máa ń nà gan-an kó tó já, PVC kì í pẹ́ ya. TPE tí kò sí ìwọ̀ lára rẹ̀ á léfòó nínú omi ẹ̀rọ. PVC tí wọ́n fi iyọ̀ sí á rì.

Láítà ń jó ara ẹja rọ́bà kí inú rẹ̀ tó yọ́. Dúdú tí ẹ rí yẹn, PVC tó ti jóná ni, kò lè lẹ̀ mọ́ nǹkan kan mọ́. Èéfín rẹ̀ ní hydrogen chloride, tó máa ń di ásíìdì bó bá kan omi ojú àti ọ̀fun. Bí ẹ bá máa yọ́ PVC, ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí ọmọdé má sún mọ́ yín. Bí ẹ bá ní ikọ́ fée, ẹ má dán an wò rárá.

Bí PVC àti PVC bá ni, ẹ fi ọṣẹ fọ iyọ̀ àti òróró ẹja kúrò, kó gbẹ dáadáa, torí omi tó bá kù á hó sójú ibi tí ẹ fẹ́ lẹ̀. Ẹ fi abẹ tuntun gé ojú méjèèjì kó tẹ́jú. Ẹ fi iná àbẹ́là mú ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tí ẹ ò fi jẹun mọ́ gbóná, ẹ nu èédú ara rẹ̀, kí ẹ fi sáàárín ojú méjèèjì kó kan àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá ti ń dán bí oyin, ẹ fa ọ̀bẹ jáde, ẹ tẹ̀ wọ́n pọ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 30. Ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó fà á wò. Ọ̀bẹ tó bá ń rú èéfín ti gbóná jù.

Super Glue máa ń gan bó bá gbẹ, ìrù tó yẹ kó máa jù kò sì fẹ́ nǹkan tó gan. Ọrùn òjé tó wà lórí ìwọ̀ ló wúlò fún: ẹ kán ẹ̀kán kan síbẹ̀ kí ẹ tó ti orí ẹja rọ́bà kàn án, kò ní máa yọ̀ wálẹ̀. Fún TPE, ẹ ra èyí tó ki. Olómi kì í dì í mú. Ẹ má fi òwú nù ún o! Òwú àti gọ́ọ̀mù yìí lè gbóná débi tó máa jó yín lọ́wọ́.

Ní ti kúta fúnra rẹ̀, ìwọ̀ yín ló jìnnà sí ìrù. Ẹ gé bíi sẹ̀ǹtímítà 2 kúrò níwájú ẹja rọ́bà oníǹṣì 5, kí ẹnu ìwọ̀ lè sún sẹ́yìn, tàbí kí ẹ fi wáyà so ìwọ̀ kejì mọ́ ọn. Okùn lásán kò ní bọ́ lẹ́nu eyín yẹn. Ègé tó bá kù, ẹ kó o wálé, torí ẹja tó bá gbé e mì kò lè dà á. Bí ẹ bá délé, ẹ yọ rọ́bà kúrò lára ìwọ̀, ẹ fi omi ẹ̀rọ ṣan méjèèjì. Iyọ̀ tó bá há sábẹ́ rẹ̀ á mú ìwọ̀ dógùn-ún.