Ṣé a lè máa fi ẹ̀rọ tó ń ta ọpọlọ jí tọ́jú màmá wa nílé?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Rọpárọsẹ̀ kọlu màmá wa ní Òmùò-Èkìtì lọ́dún tó kọjá, ọwọ́ ọ̀tún wọn ò tíì ṣeé gbé dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Amẹ́ríkà fẹ́ ra ẹ̀rọ tó ń fi iná díẹ̀ ta ọpọlọ jí ránṣẹ́ sí wa. Ṣé a lè máa lò ó nílé, kí dókítà máa wò wá lórí fóònù? Owó ọkọ̀ dé Adó ti wọ́n jù.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ẹ má tíì jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín sanwó.

tDCS lorúkọ ẹ̀rọ náà. Bátìrì ló ń lò. Iná rẹ̀ kéré gan-an, kì í sábà ju milliampere 2 lọ, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 30. Lọ́dún 2015, olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà, Leigh Charvet, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìlànà jáde lórí lílò ó nílé: aláìsàn á kọ́kọ́ kọ́ ọ níwájú amòye, lẹ́yìn náà, amòye tó ń wò ó lórí fídíò ló máa fún un ní nọ́ńbà tí yóò fi ṣí ẹ̀rọ nígbàkígbà tó bá fẹ́ lò ó. Láìsí nọ́ńbà, kò sí iná. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà fún tẹrú-tọmọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ò ní irú ìdè yìí, ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn.

Orí màmá ni amòye máa ń tẹjú mọ́ jù nínú fídíò. Fóòmù tó ń gbé iná wọlé gbọ́dọ̀ rin fún omi iyọ̀ ilé oògùn, kó má sì máa kán. Bó bá gbẹ, iná lè jó awọ wọn. Bó bá rin jù, iná á ṣàn lọ síbi tí a ò rán an. Bí wọ́n bá di ṣùkú tí wọ́n fi àdí pa á, ẹ tú u, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ ya irun náà kí fóòmù lè kan awọ orí. Kó máa yún wọn díẹ̀ kì í ṣe ewu. Bó bá ń dùn wọ́n, ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ń dá a dúró; ẹ má fa wáyà yọ lójijì.

Bí irin bá wà nínú orí wọn, bí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ abẹ orí rí, tàbí bí gìrì bá ti mú wọn látìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù wọ́n, ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà títí dókítà ọpọlọ ní Adó tàbí Ìdó á fi yẹ̀ wọ́n wò.

Lórí ọwọ́ tí rọpárọsẹ̀ mú, ẹnu àwọn oníwàádìí ò tíì kò lórí iṣẹ́ tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe. Àfikún lásán ni. Èmi ì bá ní kí ẹ̀gbọ́n yín kọ́kọ́ fi owó náà gba físíò, ìyẹn ẹni tó ń fi ìdárayá tọ́jú aláìsàn, tó máa wá sílé, kí màmá má sì dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró. Bí nẹ́tíwọ̀kì Òmùò ò bá sì lè gbé fídíò láìjá títí wọ́n á fi ṣe tán, ẹ má bẹ̀rẹ̀ rárá.