Tamagotchi ọmọ mi, ẹranko inú ẹ̀rọ ìṣeré kékeré tí wọ́n ń tọ́jú yẹn, kì í dunnú, báwo ni mo ṣe máa gbá géèmù inú ẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o mà. Tó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, èyí tí ilé iṣẹ́ Bandai gbé jáde ní Japan lọ́dún 1996, géèmù kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀. Ẹ fi bọ́tìnì A wá ibi eré, kẹ́ ẹ tẹ B. Ẹranko yẹn á máa wo ibí wo ọ̀hún, ẹ̀yin ẹ tètè bá a mú ibi tó máa kọjú sí, A fún òsì, B fún ọ̀tún. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni, tẹ́ ẹ bá ti gbà á lẹ́ẹ̀mẹta, àwòrán ọkàn kan tó ń fi ìdùnnú ẹ̀ hàn á kún, mẹ́rin sì ni gbogbo ọkàn yẹn, torí náà ẹ máa tún un gbá ni.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi ìpápánu rọ́pò eré o. Àbúrò mi tá a jọ ń gbé ní Ìtòkò, Abẹ́òkúta níbí, súìtì ló ń fún tiẹ̀ ṣáá, inú ẹ̀ ń dùn lóòótọ́ àmọ́ ó sanra kọjá àlà, torí súìtì kan ń fi 2 kún ìwọ̀n ẹ̀, eré ló ń dín in kù. Ìgbà tá a jókòó gbá géèmù yẹn léraléra ló tó fúyẹ́. Tó bá ti sùn ṣá, ẹ fi í sílẹ̀ dàárọ̀.