Idẹ ni àbí irin? Èsì fún ẹni tó fẹ́ fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe ṣásí slot car

Àbúrò, mo rí ohun tó o bèèrè. O ní o fẹ́ fọwọ́ ara ẹ ṣe ṣásí slot car, mọ́tò ìṣeré oníná tó ń sáré nínú kòtò tóóró ojú tíráàkì, ìwọ̀n 1/24 (ìdá kan nínú mẹ́rìnlélógún mọ́tò gidi), tó máa sá eré stock car, irú ti NASCAR ilẹ̀ Amẹ́ríkà, lórí oval, tíráàkì tó rí bí ẹyin, o wá ń bèèrè pé ṣé idẹ ni kó o lò àbí irin, àti pé ẹ̀gbẹ́ wo ni kó o di ìwúwo sí. Ẹni tó kọ́kọ́ dá ẹ lóhùn ní kó o wá wẹ́dà tó mọṣẹ́ kó bá ẹ jó o pọ̀. Jọ̀ọ́, má gbọ́ tiẹ̀. Inú mi ru nígbà tí mo kà á, torí ohun tó fojú mi rí màbo gan-an nìyẹn.

Méjèèjì lo máa lò. Píánò wáyà, ìyẹn wáyà irin líle tí wọ́n fi ń ṣe okùn píánò, fún egungun ẹ̀, torí tó bá tẹ̀, á tún nà padà, idẹ wá fún ibi tí mọ́tọ̀, ẹ́ńjìnnì kékeré oníná ẹ̀, máa jókòó àti àwọn pẹlẹbẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Idẹ wúwo ju irin lọ díẹ̀, ìwúwo tó wà nísàlẹ̀ pátápátá lo sì ń wá, léèdì, èyí tí wọ́n ń yọ́ fi lẹ irin (solder), sì máa ń tètè mú idẹ ju irin lọ. Ìyẹn ti parí, kì í ṣe ibẹ̀ ni wàhálà wà. Bó o ṣe máa lẹ irin mọ́ idẹ tí kò fi ní já, tí gbogbo ẹ̀ á sì tẹ́ pẹrẹsẹ, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń mú èèyàn.

Nígbà tí mo ń ṣe tèmi, ọ̀gá kan wà tó ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ wẹ́dìn níléèwé kan nínú Abuja níbí, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Sàtífíkéètì kún ara ògiri ọ́fíìsì ẹ̀. Mo gbé fúrémù lọ bá a, mo ti tẹ wáyà, mo ti gé e, mo ti fi ìṣó wẹ́wẹ́ dè é mọ́lẹ̀ lórí pátákó kó má bàa yẹ̀, mo ní ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, léèdì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi lẹ̀ ẹ́ o, ẹ má gbé iná gáàsì sún mọ́ ọn. Ọkùnrin yìí rẹ́rìn-ín. Ó ní iṣẹ́ oní rédíò ni léèdì, pé ohun tó bá máa sáré, iná gidi ló máa gbà. Mo ní kí n yáa ra omi mu lẹ́nu géètì, kí n tó padà dé, ó ti tan gáàsì, wáyà ti di pupa fòò, pátákó mi ń rú èéfín, ó wá ń yangàn fún mi pé "ìyẹn ò lè já láéláé."

Lóòótọ́ kò já. Ṣùgbọ́n píánò wáyà tó bá ti pọ́n, agbára ẹ̀ ti lọ nìyẹn, kì í ṣe sípíríǹgì mọ́, ó ti di wáyà tí wọ́n fi ń sá aṣọ. Léèdì 60/40 máa ń yọ́ ní nǹkan bí 190 dígírì, ìyẹn ò lè ṣe wáyà ní nǹkan kan, àmọ́ kí irin tó pọ́n tó bẹ́ẹ̀, iná ẹ̀ ti lé ní 700. Mo gbé ṣásí yẹn sórí tíráàkì, ó dé kọ́nà, ó tẹ̀, ó sì tẹ̀ síbẹ̀. Mo fọwọ́ nà án, ó tún tẹ̀. Táyà ẹ̀yìn kan wà nílẹ̀, èkejì wà lókè, mọ́tọ̀ ń hu, mọ́tò ò lọ síbì kankan. Mo gbé e padà lọ bá ọ̀gá, ṣé o mọ ohun tó sọ? Ó ní wáyà ni ò dáa, pé ayédèrú ni mo rà. Hàbà! Wáyà tí mo rà láti òkè òkun, tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jà kí n tó gbà á.

Ẹ jẹ́ n sọ tìyẹn náà, torí ó máa kàn ẹ́. Ẹrù mi dé, wọ́n ní kí n wá gbà á. Oníyùnífọ́ọ̀mù kan tú páálí, ó kó o síta lọ́kọ̀ọ̀kan, wáyà gígùn, mọ́tọ̀ wẹ́wẹ́, gíà, braid tí wọ́n fi bàbà hun, tó ń gba iná lára tíráàkì. Ó wo wáyà, ó wò mí. Ó ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní mọ́tò ìṣeré ni. Ó ní ọmọ náà tó ọmọ ọdún mélòó. Mo ní èmi ni mo ni ín. Bí ọ̀rọ̀ ṣe dojú rú nìyẹn. Ó ní kí n lọ gba ìwé àṣẹ wá. Mo ní ìwé wo? Ó ní kí n lọ bèèrè. Lọ́wọ́ ta ni? Òun náà ò mọ̀. Mo lọ, mo bọ̀, mo tún lọ, owó "ìtọ́jú ẹrù" ń gorí ara wọn, lọ́jọ́ tí mo wá gbà á, ẹlòmíì ló jókòó síbẹ̀, kò tiẹ̀ bi mí ní ìbéèrè kankan, ó ṣáà ní kí n buwọ́ lùwé. Nítorí náà, tó o bá máa rà lókè òkun, sọ fún ẹni tó ń tà á kó kọ "toy car parts" sára páálí, kó má kọ mọ́tọ̀ àti wáyà, o mọ ojú tí wọ́n fi ń wo irú ẹ̀ lápá òkè ọya níbí látọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù ti dé.

Ohun tó ń dùn mí ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ wà nílẹ̀ yìí. Mọ́tọ̀, guide (ohun tó wà lábẹ́ imú mọ́tò tó ń wọ inú kòtò tíráàkì), gíà àti táyà, ìyẹn dandan ni kó o rà wọ́n. Idẹ pẹlẹbẹ, lọ sí Apo, ní abúlé mẹkáníìkì, kó o bèèrè rẹdiétọ̀ àtijọ́, èyí tí kì í ṣe ti aluminium tó ní ike lórí o, ti ayé ijọ́un, idẹ ni orí àti ìdí ẹ̀, wọ́n á gé e fún ẹ. Páìpù idẹ tínrín tí wáyà lè yí nínú ẹ̀, ìyẹn ni éríà rédíò, èyí tó ń fà jáde tó ń wọlé, idẹ ni ọ̀pọ̀ wọn lábẹ́ ohun tó ń dán lára ẹ̀, ṣáà fi sánpépà fá dídán yẹn kúrò kí léèdì tó lè mú un. Wáyà, tó o bá mọ ẹni tó ń tún dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ṣe, píánò olókùn ni mò ń sọ o, àwọn okùn ohùn òkè, èyí tí wọn ò wé bàbà mọ́, máa ń wà láàárín 0.8 sí 1.2 mm, ojúlówó píánò wáyà ni. Sípóòkì kẹ̀kẹ́ náà ṣe é lò fún ibi tí ò nílò kó máa tẹ̀, àmọ́ kò ní ara líle tó wáyà dùùrù. Má fi pláyà gé píánò wáyà o! Á bu ẹnu pláyà ẹ jẹ, èyí tó gé á sì fò lọ sójú èèyàn. Fi fáìlì là á yíká kó o tó kán an, tàbí kó o fi díìsìkì wẹ́wẹ́ gé e, kó o sì wọ gọ́gù.

Apo yẹn náà ni mo ti rí ẹni tó kọ́ mi ní lílẹ̀. Mallam kan tó ń tún rẹdiétọ̀ ṣe, kò ní sàtífíkéètì kankan lára ògiri, kò tiẹ̀ ní ògiri, abẹ́ igi ló wà. Mo ní kó kàn bá mi gé idẹ ni, ó rí ṣásí tuntun tí mo fọwọ́ ara mi fi léèdì lẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó fọwọ́ kan ojú ibi tí mo lẹ̀, ó ya, ó bọ́ sílẹ̀. Ó bi mí pé ṣé mo tiẹ̀ fá irin yìí. Mo ní mo fi pésítì, èyí tí wọ́n ń fi sí i kí léèdì lè mú, sí i. Ó ní pésítì wo, ti oní fóònù? Ó mi orí.

Pésítì oní fóònù ò lágbára lórí irin. Wò ó, fi sánpépà fá wáyà títí á fi dán, má kàn nù ún lẹ́ẹ̀kan, fá a yíká, kó o fá idẹ náà, kó o má sì fọwọ́ kàn án mọ́ torí òróró ọwọ́ ẹ. Lẹ́yìn náà, ásíìdì. Ohun tí àwọn oní rẹdiétọ̀ ń lò ni ásíìdì tí wọ́n ti ju zinc sí kó jẹ títí kò fi hó mọ́, ara bátìrì tọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ni wọ́n ti ń rí zinc yẹn. Ra èyí tí wọ́n ti ṣe, má ṣe é nínú yàrá ẹ, èéfín tó ń jáde lára ẹ̀ máa ń gbiná, á sì dóògùn sí gbogbo irinṣẹ́ ẹ. Kán an díẹ̀ sójú ibi tó o fẹ́ lẹ̀, fi ayọ́nù léèdì (soldering iron) gbígbóná ti idẹ, má fi léèdì kan ayọ́nù, ara irin ni kó o fi kàn. Á kọ́kọ́ ṣe ṣàà, á rú èéfín, lẹ́yìn náà wàá rí i tí léèdì máa sá wọ àárín wáyà àti idẹ fúnra ẹ̀, á tàn yíká, á máa dán. Tó bá ṣù bí omi orí ewé kókò, kò mú nìyẹn, jó o kúrò, fá a, kó o tún bẹ̀rẹ̀. Tó o bá ṣe tán, omi káún ni Mallam fi ń fọ̀ ọ́, baking soda náà á ṣe é. Tó ò bá fọ ásíìdì yẹn dànù, kí ilẹ̀ tó mọ́, ìpẹtà ti dé.

Ayọ́nù ńkọ́? 30 watt tí wọ́n ń tà fún àwọn oní fóònù ò lè ṣe é, idẹ á mu gbogbo ooru ẹ̀ tán. Wá èyí tó tó 100 watt tí ẹnu ẹ̀ fẹ̀. Kó o sì yẹ iná wò kó o tó bẹ̀rẹ̀, tí iná ìjọba bá já wálẹ̀ sí 160 volt bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọ̀ wa ní Kubwa níbí lálẹ́, ayọ́nù 100 watt ẹ kò tó 50 mọ́, wàá máa rò pé iṣẹ́ ni ò mọ́ ẹ lọ́wọ́. Jẹnẹrétọ̀ ni mo máa ń tàn. Àti léèdì fúnra ẹ̀, èyí tí wọ́n ń lọ́ tà lójú ọ̀nà tí kò dán tó bá tutù, òjé ti pọ̀ jù nínú ẹ̀, kì í tètè yọ́. Fọwọ́ ẹ dáadáa kó o tó jẹun, òjé ò dáa fún ara, pàápàá tí ọmọdé bá wà nílé.

Gígùn ẹ̀ ńkọ́, stock car NASCAR gidi, láti axle iwájú dé tẹ̀yìn jẹ́ 110 íńṣì, pín in sí 24, ó lé díẹ̀ ní 116 mm. Tó bá jẹ́ 1/32 ni, 87. Bọ́dì tó o bá rà ni kó o fi wọ̀n ọ́n kó o tó gé nǹkan kan, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń ṣe bọ́dì ló ń tẹ̀ lé ìwọ̀n.

Kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ, lọ sí Dei-Dei, ní ọjà ohun èlò ìkọ́lé, kó o tọrọ àjákù granite tí wọ́n fi ń ṣe orí tábìlì kíṣíìnì. Orí pátákó ni kó o ti lẹ̀ ẹ́, orí granite ni kó o ti yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ igun kan, kó o bọ́ sí èyí tó wà lódìkejì, má lẹ apá kan tán kó o tó lọ sí èkejì, ooru á fà á wọ́. Jẹ́ kó tutù kó o tó yọ ìṣó. Fi ìka tẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí granite, tó bá dún kọ̀ọ̀, kò tẹ́ nìyẹn. Má fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó lè tẹ́ o, yọ́ ojú lílẹ̀ yẹn, jẹ́ kó jókòó fúnra ẹ̀.

Guide, axle, gíà, ìyẹn ò le, o ti mọ̀ ọ́n. Ṣáà jẹ́ kí guide dúró ṣánṣán, kí gíà má sì há mọ́ra jù.

Ẹ̀n-ẹ́n, o bèèrè ìwúwo. Lórí oval, òsì lẹ ó máa yí sí ṣáá, apá ọ̀tún ni mọ́tò á máa fẹ́ fò sí, nítorí náà òsì ni kó o di púpọ̀ nínú ẹ̀ sí, nísàlẹ̀ pátápátá, láàárín axle méjèèjì. Díẹ̀ sún mọ́ guide kí imú ẹ̀ má bàa gbéra. Má di nǹkan kan sẹ́yìn axle ẹ̀yìn, ìdí ẹ̀ á máa yà lọ. Àwọn tó ń ṣe wheel balancing ló ní òjé pẹlẹbẹ tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, 5 gíráàmù, 10 gíráàmù. Gbé mágínẹ́ẹ̀tì lọ, tó bá fà á, irin ni, òjé ò gbọdọ̀ lẹ̀ mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì. Tí ẹ bá tún ń sá eré lórí tíráàkì tó ń yà sọ́tùn-ún, má lẹ̀ ẹ́ pa, fi téèpù so ó kó o lè máa ṣí i kiri. Pẹlẹbẹ ẹ̀gbẹ́ yẹn náà, má lẹ̀ wọ́n pa, fi páìpù éríà tí mo sọ yẹn so wọ́n kí wọ́n lè máa mì díẹ̀, kí gbígbọ̀n bọ́dì má bàa dé ara táyà.

Nínú ọyẹ́, eruku lè mú kó o rò pé ṣásí ẹ ti bàjẹ́, táyà ni ò gbá ilẹ̀ mú mọ́, fi téèpù nù ún kó o tó sá eré.

Tó o bá ń lọ sí Apo, lọ láàárọ̀. Má lọ ní ọ̀sán Jímọ̀, o ò ní bá Mallam kankan lórí ìjókòó, àwọn tó o máa bá níbẹ̀ á sì fi owó méjì tà á fún ẹ.