Ẹ Bi Wá, A Ó Dáhùn: Ẹ́ńjìnnì Rélùwéè Kékeré Tí Bàbá Fi Sílẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Bàbá mi kàwé nílùú Ọba, nígbà tí wọ́n sì ń padà bọ̀ wálé ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, wọ́n gbé rélùwéè kékeré kan tí ń jẹ́ Tri-ang bọ̀ nínú àpótí rẹ̀. Orí àjà ni ó wà láti ìgbà èwe wa. Lẹ́yìn ìsìnkú wọn, mo gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó ń kùn, ṣùgbọ́n kò rìn. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ oníríwáyà kan, ó tú u, ó nù ún, ó sì tò ó padà. Láti ọjọ́ náà kò tilẹ̀ kùn mọ́. Àpótí tí ń fún un níná nìkan ni ó máa ń gbóná. Oníríwáyà ní mọ́tò rẹ̀ ti jó. Ṣé kí n sọ ìrètí nù ni? (Òǹkàwé, Òkè-Àró, Àkúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá, Ọlọ́run yóò tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ má tíì sọ ìrètí nù rárá. Mọ́tò tí ó bá jó máa ń rùn, wáyà ara rẹ̀ a sì dúdú. Ẹ kò sọ pé ẹ gbóòórùn kankan. Lójú tiwa, àìsàn méjì ni ẹ kọ ránṣẹ́, èkejì sì ti ọ̀dọ̀ oníríwáyà wá.

Ti àkọ́kọ́ kò le. Òróró tí wọ́n fi sí i nígbà tí wọ́n ṣe é ti dì bí oje igi, pàápàá nínú ooru orí àjà tiwa níhìn-ín. Kíkùn tí ó ń kùn fi hàn pé iná ń dé inú mọ́tò. Ọ̀pá rẹ̀ ni kò rí àyè yí. Ìwẹ̀ ni irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ń fẹ́, kì í ṣe mọ́tò tuntun.

Ti èkejì ni ó gba àlàyé. Mọ́tò tí ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ́ńjìnnì Tri-ang ayé ìgbà náà ni wọ́n ń pè ní X04. Káábọ́ọ̀nù kéékèèké méjì ni ó ń gbé iná wọ bàbà tí ó wà lórí ọ̀pá tí ń yí, sípíríǹgì kan ṣoṣo tí ó ní apá méjì ni ó sì ń tẹ káábọ́ọ̀nù méjèèjì mọ́ bàbà náà. Nítorí pé iná tí apá kan ń gbà ti ara irin ẹ́ńjìnnì wá, tí ti apá kejì sì gba inú wáyà wá láti ara ẹsẹ̀ òdìkejì, àwọn tí ó ṣe é fi ike tóóró kan, tí kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ, wọ ọ̀kan nínú apá sípíríǹgì náà kí iná méjèèjì má baà pàdé. Bí ike yìí bá jábọ́ lórí tábìlì, tí ẹni tí ń tún un ṣe kò sì mọ iṣẹ́ rẹ̀, yóò gbá a dànù bí ìdọ̀tí. Nígbà náà, iná yóò gba ara sípíríǹgì kọjá láìwọ inú mọ́tò: ẹ́ńjìnnì yóò dákẹ́, àpótí iná yóò sì gbóná. Ohun tí ẹ rí gan-an nìyẹn. Ẹ wá wáyà tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fa bàbà inú rẹ̀ jáde, kí ẹ gé ike rẹ̀ wọ apá sípíríǹgì tí wáyà wà lára rẹ̀.

Bí ẹ bá ti ń ṣe èyí lọ́wọ́, ẹ fi òwú tí ẹ rẹ sínú sípíríìtì nu bàbà orí ọ̀pá náà títí yóò fi tàn, kí ẹ sì fi igi ìtayín yọ èérí inú ihò tóóró mẹ́ta tí ó pín in. Ẹ má ṣe fi sánńpépà há a. Ẹ fi orí abẹ́rẹ́ kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ, irú èyí tí àwọn télọ̀ ń rà lọ́jà, sí ìdí ọ̀pá náà níhà méjèèjì, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan péré. Èyí tí ó bá pọ̀ jù yóò ṣàn dé orí bàbà, eruku ọyẹ́ yóò sì lẹ̀ mọ́ ọn.

Ohun kan wà tí a bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe: ẹ má ṣe yọ irin òòfà inú mọ́tò náà. Nígbà tí òòfà àtijọ́ yìí bá kúrò láàárín àwọn irin tí ó gbá a mú, agbára rẹ̀ a máa dín kù, kì í sì í padà fúnra rẹ̀ bí ẹ bá dá a sí àyè rẹ̀. Bí oníríwáyà bá ti yọ ọ́ rí, ẹ óò rí i pé ẹ́ńjìnnì náà kò lágbára, ara rẹ̀ yóò sì máa gbóná. Òòfà tuntun kékeré ni yóò gbà á là.

Bátìrì 9 volt ni kí ẹ fi dán an wò, ẹ kan wáyà rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì. Iná 12 volt ni wọ́n ṣe mọ́tò náà fún, nítorí náà kò léwu. Àpótí iná àtijọ́ yẹn ni kí ẹ má ṣe kì bọ iná ilé mọ́ títí oníṣẹ́ iná yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí rọ́bà ara wáyà tí ó ti lo ọgọ́ta ọdún ti sán, iná ìjọba tiwa náà kò sì dúró lójú kan.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ́ńjìnnì rélùwéè kékeré Hornby, oníkọ́kọ́rọ́ tí a ń wé kí ó tó rìn, ni èyí tí ó wà lọ́wọ́ mi, òyìnbó oníwàásù kan ni ó fún bàbá ọkọ mi ṣáájú ogun Hitler. Ẹsẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì náà fi ń yí lórí irin ń sán, ó ń rún sílẹ̀ bí ìpékeré. Gọ́ọ̀mù kò mú un. Ṣé ìpẹtà ni, kí n fi kẹrosíìnì pa á? (Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, Yábà, Oǹdó)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àtọ́jú, ìyá wa. Kì í ṣe ìpẹtà, kẹrosíìnì kò sì ní ràn án lọ́wọ́. Síǹkì ni wọ́n yọ́ dà sínú mọ́ọ̀dù láti fi ṣe ẹsẹ̀ náà. Síǹkì irú èyí gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní. Bí òjé díẹ̀ bá ti bọ́ sínú rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń yọ́ ọ, irin náà yóò máa wú, yóò sì máa fọ́ láti inú wá, ọ̀rinrin àti ooru sì ń mú un yára. Ó dùn wá láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sí òògùn tí ó ń dá a dúró. Kò ràn, nítorí náà tánganran ara rẹ̀ kò sí nínú ewu. Àwọn tí ń ṣe ẹsẹ̀ tuntun fún Hornby àtijọ́ ṣì wà ní ìlú Ọba; ẹ fi òṣùwọ̀n wọn ẹsẹ̀ tí ó kù kí gbogbo rẹ̀ tó fọ́, kí ẹ sì tọ́jú àwọn àfọ́kù sínú ìgò. Ẹ má ṣe wé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dé òpin kí ẹ tó pààrọ̀ ẹsẹ̀, nítorí sípíríǹgì tí kò rí ẹrù gbé a máa tú lójijì.

ÌBÉÈRÈ: Mo fẹ́ kun Tri-ang mi ní ọ̀dà rélùwéè Nàìjíríà. Irú ọ̀dà wo ni kí n rà? (Akẹ́kọ̀ọ́, Àkúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀wọ́, bí ọ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ bá ṣì wà lára rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ tó fún un lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ mọ́tò kúrò. Bẹntiróòlù a máa yọ́ ike rẹ̀, sípíríìtì sì lè pa nọ́ńbà ara rẹ̀ rẹ́. Ẹ kun èyí tí ó ti bàjẹ́ dípò rẹ̀. Ẹ tún mọ èyí: fífẹ̀ ojú irin àtijọ́ tiwa, tí ó dé Ìbàdàn láti Èkó ní 1901, jẹ́ mìlímítà 1067, fífẹ̀ ojú irin Tri-ang yín sì jẹ́ mìlímítà 16.5. Bí ẹ bá fẹ́ fi páálí kan ẹ́ńjìnnì Nàìjíríà tí yóò bá ojú irin náà mu, ẹ dín gbogbo òṣùwọ̀n kù sí ìdá kan nínú mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, kì í ṣe ìdá kan nínú mẹ́rìndínlọ́gọ́rin tí Tri-ang lò.