Ṣé èèyàn lè fi larp jẹun?

Àbúrò mi, o ní o fẹ́ fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ kí o lè máa gbé larp kalẹ̀, kí o sì máa ṣèwádìí lórí rẹ̀, o wá ń bèèrè bóyá owó wà níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí ní Sweden. Jọ̀ọ́, má tíì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ tíṣà yẹn gan-an ló máa gbé ọ débi tí ò ń lọ.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: larp jẹ́ eré tí kò ní òǹwòran. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló gba ipa kan, wọ́n á wọṣọ ẹni náà, wọ́n á sì máa hùwà bíi tirẹ̀ fún wákàtí mélòó kan tàbí odindi ọjọ́ mẹ́ta, láìsí ọ̀rọ̀ tí wọ́n há sórí. Tiwa ni ká pèsè ayé tí wọ́n máa wọ̀: ta ló jẹ ta ní gbèsè, ta ló ń fi àṣírí pa mọ́, òfin wo ló de gbogbo wọn.

Owó tíkẹ́ẹ̀tì kì í dúró lọ́wọ́. Ní 2014, College of Wizardry, larp kan nípa ilé ẹ̀kọ́ àwọn oṣó, bẹ̀rẹ̀ ní Czocha, ilé olódi àtijọ́ kan ní Poland, àwọn èèyàn sì ń ti òkèèrè wá torí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ro ibùsùn, oúnjẹ, aṣọ àti owó ilé tí wọ́n yá. Ohun tó ń san owó ilé tèmi ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ àti mùsíọ́mù tó ń pè mí, pẹ̀lú owó ìrànwọ́ ìwádìí tó lè wá lọ́dún yìí kó má wá lámọ̀ọ́dún. Ní Hobro, ní Denmark, Østerskov Efterskole ti ń fi irú eré yìí kọ́ àwọn ọ̀dọ́ láti 2006. Ẹni tó bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń di kíláàsì mú ti ní ohun tó ṣòro jù lọ níbẹ̀.

Ní ti ìwádìí, má dúró de ìwé ẹ̀rí. Ọjọ́ tí larp bá parí ló tán pátápátá. Fídíò ò lè gbé e, torí inú àwọn tó ṣe é ló wà. Ohun tí o bá kọ sílẹ̀ nìkan ló kù. Ìdí nìyẹn tí Knutepunkt fi ṣe pàtàkì sí mi: ìpàdé àwọn tó ń ṣe larp, tó bẹ̀rẹ̀ ní Oslo ní 1997, tó ń yípo láàárín Norway, Sweden, Denmark àti Finland, tí ìwé sì ti ń jáde níbẹ̀ láti 2001. Àwọn tó ń gbé eré kalẹ̀ fúnra wọn wà lára àwọn tó ń kọ ọ́. Markus Montola àti Jaakko Stenros ti ń kọ̀wé níbẹ̀ tipẹ́ kí wọ́n tó gboyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì Tampere, ní Finland, Montola ní 2012, Stenros ní 2015.

Bí o bá bi àwọn tó ṣe eré rẹ bóyá ó dùn, wọ́n á ní ó dùn, torí wọ́n fẹ́ràn rẹ. Bi wọ́n ní ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú eré, bí àpẹẹrẹ: nígbà tí ìyá yẹn lé ọ jáde, ibo lo gbà lọ? Ta lo bá sọ̀rọ̀? Gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn, kí o sì kọ ọ́ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, kí ìtàn tí wọ́n ń sọ fún ara wọn tó di ọ̀kan ṣoṣo.

Èyí tó ká mi lára jù rèé. Just a Little Lovin', larp kan tó kọ́kọ́ wáyé ní Norway ní 2011, dá lórí ìgbà tí àrùn AIDS ń tàn kálẹ̀ ní New York, láàárín 1982 sí 1984. Ẹni tó bá sin ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú irú eré bẹ́ẹ̀ kì í kàn bọ́ṣọ kó sì gbàgbé. Ìbànújẹ́ náà lè bá a délé; bleed là ń pè é. Nítorí náà ìdánrawò gbọ́dọ̀ wà ṣáájú, níbi tí wọ́n ti máa fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ tó ń dá eré dúró, ìjókòó ìfọ̀rọ̀wérọ̀ sì gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e. Ka wákàtí wọ̀nyẹn mọ́ owó iṣẹ́ rẹ látìbẹ̀rẹ̀. Òun ni àwọn tó ń gbéṣẹ́ fúnni máa ń kọ́kọ́ fẹ́ gé kúrò. Èmi kì í gba iṣẹ́ tí wọ́n bá ti gé wákàtí wọ̀nyẹn kúrò, ì báà jẹ́ oṣù tí àpò gbẹ.

Bẹ̀rẹ̀ nínú kíláàsì rẹ: eré wákàtí méjì, lórí ohun tí o ti ń kọ́ wọn tẹ́lẹ̀. Kọ ọ́ débi tí tíṣà míì á fi lè ṣe é láìpè ọ́. Fi ránṣẹ́ sí mi, màá kà á, màá sì sọ ibi tí mo rò pé àwọn ọmọ náà máa há sí.