Ìbéèrè Òǹkàwé: Ọ̀wọ́ Fíìmù Adẹ́rùbani Wo Ló Bá Yín Mu?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, gbogbo àwọn tí a jọ ń wo fíìmù ló ní ọ̀wọ́ fíìmù adẹ́rùbani kan tí wọ́n lè jà fún títí ilẹ̀ á fi mọ́. Èmi nìkan ni mi ò ní. Mo ti wo apá kìíní Halloween àti apá kìíní Friday the 13th, méjèèjì ló dára lójú mi. Báwo ni kí n ṣe mú ọ̀kan?

Ìdáhùn: Ẹ ò tíì lè mú, nítorí apá kìíní nìkan lẹ wò. Apá kìíní á sọ fún yín bóyá fíìmù kan dára. Bóyá ọ̀wọ́ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ìyẹn kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wo Friday the 13th tí ẹ dárúkọ yìí. Jason tí gbogbo ayé mọ̀, ọkùnrin gìrìwò tó ń gbé àdá kiri, tó fi ìbòjú àwọn agbá-họ́kì bo ojú, kì í ṣe òun ló ń pa èèyàn nínú apá kìíní tó jáde lọ́dún 1980. Inú apá kejì, lọ́dún 1981, ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láabi, àpò aṣọ ló sì fi bo orí nígbà náà. Ó di apá kẹta, lọ́dún 1982, kó tó rí ìbòjú họ́kì yẹn. Ẹni tó wo apá kìíní tó ní òun ò rí ohun tí wọ́n ń pariwo lé lórí kò jẹ̀bi. Ohun náà kò tíì dé ni.

Ti Halloween yàtọ̀ sí èyí pátápátá. Èyí tí John Carpenter darí lọ́dún 1978 ló ṣì mú jù nínú gbogbo wọn lójú tiwa, bẹ́ẹ̀ owó tí wọ́n fi ṣe é kò ju nǹkan bí dọ́là 300,000 lọ. Ìbòjú Captain Kirk tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n rà, wọ́n fín ọ̀dà funfun sí i, wọ́n gé ihò ojú rẹ̀ kó fẹ̀ sí i, ó sì di ojú Michael Myers, apànìyàn inú ìtàn náà. Ṣùgbọ́n ẹ dé apá kẹta, ti 1982, ẹ ò ní rí Michael nínú ìtàn náà rárá. Àwọn tó ṣe é fẹ́ kí apá kọ̀ọ̀kan máa sọ ìtàn tirẹ̀ lábẹ́ orúkọ kan náà. Àwọn òǹwòran kọ̀ jálẹ̀, Michael kò sì padà sójú agbo títí di 1988.

Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé apá mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ fi ń dán ọ̀wọ́ wò, kó má sì ju apá kan lọ lálẹ́ ọjọ́ kan. Bí ẹ bá wo méjì pọ̀, ara yín á ti mọ ìgbà tí ìjáyà òjijì ń bọ̀, apá kejì á sì gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti parí, kí ẹ tó gbọ́ tẹnu ẹlòmíràn, ẹ bi ara yín bóyá ariwo òjijì ló mú yín fò sókè, àbí nǹkan kan wà tí ẹ ṣì ń rò nígbà tí iná ti tàn. Ariwo òjijì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àmọ́ ọ̀wọ́ tí kò ní ju ìyẹn lọ kì í pẹ́ sú èèyàn.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù lójú tiwa ni òfin. Gbogbo ọ̀wọ́ tó dáa ló ní òfin kan tí ẹ lè sọ ní gbólóhùn kan. Nínú A Nightmare on Elm Street tí Wes Craven bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1984, ojú oorun ni Freddy Krueger ti ń mú èèyàn. Ẹ má sùn, kò lè rí yín. Bẹ́ẹ̀, ta ló lè má sùn? Òfin yìí nìkan tó láti dẹ́rù bani láìsí ẹ̀jẹ̀ kankan. Apá kejì, ti 1985, rú u: ó gba ara ọmọkùnrin kan mú Freddy jáde sí gbangba, ó ń lé àwọn èèyàn tí wọ́n lajú sílẹ̀, ẹ̀rù náà sì dínkù lójú ẹsẹ̀. Apá kẹta, ti 1987, dá òfin padà, ó tún fi nǹkan kún un, torí àwọn ọmọ tó ń sùn kọ́ bí wọ́n ṣe lè bá a jà nínú àlá. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀wọ́ yẹn ti gbéra. Láti apá kẹrin lọ, Freddy ti ń dápàárá ju bó ṣe ń dẹ́rù bani lọ. Àwọn kan fẹ́ràn ìyẹn, a ò bá wọn jà.

Ẹ fi Final Destination wé e. Kò sí apànìyàn níbẹ̀, ikú fúnra rẹ̀ ni ọ̀tá. Òfin rẹ̀ ni pé ẹni tó bá yẹ̀ jàǹbá sílẹ̀ á ṣì kú, àti pé bí ó ṣe yẹ kí wọ́n kú tẹ̀léra níbi jàǹbá náà ni ikú á ṣe máa mú wọn. Láti 2000 títí dé èyí tó jáde lọ́dún 2025, òfin yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Bí ẹ bá fẹ́ràn láti máa wo bí omi tó ń jò, wáyà tó ṣí sílẹ̀ àti ìdè kan tó tú ṣe ń para pọ̀ di ikú èèyàn, ẹ ti rí tiyín nìyẹn. Ti 2009 nìkan lẹ lè fò láìpàdánù nǹkan kan.

Fún ẹ̀yin gan-an, ẹ parí apá kejì àti ìkẹta Friday the 13th ná. Wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀ ni méjèèjì pọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá mú.

Ìbéèrè: Nínú Halloween tí mo ń wò, Laurie, ọmọbìnrin tí Michael ń lé, ti kú ní apá kan, mo tún rí i láàyè ní apá mìíràn. Àbí èmi ni nǹkan ò yé?

Ìdáhùn: Ó yé yín dáadáa. Ìtàn náà ti pín sí ọ̀nà púpọ̀, kò sì sẹ́ni tó kọ ọ́ sára páálí rẹ̀. Ọ̀nà kìíní ni 1978, 1981, 1988, 1989 àti 1995. Ọ̀nà kejì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1978 àti 1981, ó fo àwọn tó tẹ̀ lé e, ó wá bọ́ sí 1998 àti 2002. Ọ̀nà kẹta mú ti 1978 nìkan, ó ju gbogbo ìyókù nù, ó sì ń bá a lọ ní 2018, 2021 àti 2022. Rob Zombie tún ìtàn náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2007 àti 2009, ìyẹn dá dúró. Ti 1982 tí kò ní Michael náà dá wà. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á wo 1981, tó sọ pé àbúrò Michael ni Laurie, wọ́n á wá bọ́ sí 2018, tó sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ mú ọ̀nà kan, ẹ wò ó tán, kí ẹ tó fọwọ́ kan òmíràn. Ọ̀nà kẹta ló rọrùn jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀.

Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti kan ètò: ìmọ̀ràn wa fún ọ̀pọ̀ ọ̀wọ́ ni pé kí ẹ tẹ̀ lé bí wọ́n ṣe jáde, kì í ṣe bí ìtàn ṣe tò. Ìtàn Saw ti ọdún 2023 ṣẹlẹ̀ láàárín apá kìíní àti ìkejì, ṣùgbọ́n bí ẹ bá wò ó níbẹ̀, ó máa tú àṣírí tí apá kejì fi pamọ́ fún yín. Ìtàn apá kẹrin Saw náà sì ń lọ lákòókò kan náà pẹ̀lú ti apá kẹta, ẹni tó bá jẹ́ kó pẹ́ láàárín méjèèjì á sọnù. Ti Insidious tún wé jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí ìtàn ṣe tò, ti 2015 ló ṣáájú, kó tó kan 2018, 2010, 2013, kí ó tó dé 2023. Àmọ́ ti 2010 ló ṣàlàyé ibi òkùnkùn tí ẹ̀mí àwọn èèyàn ń lọ, òun sì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ìbéèrè: Ọkọ mi fẹ́ràn fíìmù adẹ́rùbani, èmi ò sì lè wo ẹ̀jẹ̀. Ṣé ọ̀wọ́ kan wà tí àwa méjèèjì lè jọ tẹ̀ lé?

Ìdáhùn: Ó wà. Ẹ yẹra fún Saw, kí ẹ sì yẹra fún Evil Dead, pàápàá ti 2013 àti 2023. Ẹ̀jẹ̀ kò pọ̀ nínú The Conjuring ti 2013, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ìyẹn túmọ̀ sí pé ó rọrùn. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 kò gbọ́dọ̀ dá wò ó. Ẹ̀rù rẹ̀ le, ilẹ̀kùn tó ń ṣí fúnra rẹ̀ ló sì fi ń ṣe é. Fún yín, A Quiet Place la máa mú: mẹ́ta péré ni (2018, ọ̀kan tó dé sinimá lọ́dún 2021, àti 2024), ìtàn ìdílé ni méjì àkọ́kọ́, òfin rẹ̀ sì hàn kedere, torí ẹni tó bá pariwo, ẹ̀dá abàmì tó ń pa èèyàn á gbọ́. Bí ọkọ yín bá ṣì fẹ́ ọ̀bẹ, Scream ni ẹ lè fi pàdé láàárín. Ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, a ò ní tàn yín, ṣùgbọ́n apànìyàn tó wà lábẹ́ ìbòjú ń yí padà láti fíìmù dé fíìmù, wíwá a ló sì ń gbà yín lọ́kàn. Ẹ má ka ohunkóhun nípa rẹ̀ ṣáájú.

Ẹ má wo A Quiet Place lórí fóònù o. Ẹ̀rọ ìgbóhùnjáde kékeré inú fóònù kì í lè gbé ohùn tó rinlẹ̀, ìdajì ẹ̀rù fíìmù náà sì wà nínú ohùn yẹn. Bí kò bá sí tẹlifíṣọ̀n, ẹ lo èyí tí a ń kì bọ etí. Ẹ pa iná tó wà lẹ́yìn yín, torí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á hàn lójú gíláàsì, gbogbo ibi tó ṣókùnkùn nínú fíìmù á di dúdú lásán.

Ìbéèrè: Ṣé ọ̀wọ́ kan wà tí kò pa ìtàn ara rẹ̀ rẹ́ rí?

Ìdáhùn: Chucky, ọmọlangidi apànìyàn. Láti 1988 títí dé 2017, fíìmù méje ni, eré orí tẹlifíṣọ̀n sì tẹ̀ lé e láti 2021 sí 2024, ìtàn kan ṣoṣo sì ni gbogbo rẹ̀. Don Mancini lọ́wọ́ nínú kíkọ gbogbo wọn, Brad Dourif ló sì ń fọ ohùn ọmọlangidi náà. Ó di apanilẹ́rìn-ín lọ́dún 1998, ó padà di adẹ́rùbani lọ́dún 2013, kò sì sẹ́ ohunkóhun tó ti ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ti 2019 kò sí nínú ìtàn yìí, ọwọ́ ẹlòmíràn ló ti wá, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìbéèrè: Nínú Ring, ṣé ti Jàpáànì ni kí n kọ́kọ́ wò ni, àbí ti Amẹ́ríkà?

Ìdáhùn: Ti Jàpáànì, èyí tí Hideo Nakata darí lọ́dún 1998. Ìtàn kan náà ni ti Amẹ́ríkà, ti 2002, ń sọ, nítorí náà èyíkéyìí tí ẹ bá wò ṣìkejì kò ní dẹ́rù bà yín tó. Ó sàn kó jẹ́ èyí tó ní ariwo àti àwòrán tó pọ̀ jù lẹ fi ṣe ìkejì. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ lé ti Jàpáànì síwájú, ẹ ṣọ́ra: méjì ló ń jẹ́ ìtẹ̀síwájú rẹ̀. Èyí tí ń jẹ́ Rasen jáde lọ́dún 1998 kan náà, àwọn òǹwòran kò gbà á, wọ́n sì ṣe Ringu 2 lọ́dún 1999 bí ẹni pé Rasen kò sí. Ringu 2 ni kí ẹ mú.